301 Ju Nọ́ńbà Lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bá wa tún ìwé àlàyé Django ṣe, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ lórí redirect, ìyẹn dídarí ẹni tó ṣí àdírẹ́sì kan sí òmíràn. Ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo yín lẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù rẹ̀, ẹnì kankan ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú browser ẹni tó ṣí i. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ní fún yín.

Èkíní, ẹ sọ èyí tó máa ṣẹlẹ̀ bí èèyàn ò bá yan nǹkan kan. `redirect()` ti Django, 302 ni, nọ́ńbà tó ń sọ fún browser pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ti Rails, irinṣẹ́ míì tó jọ Django, nínú routes (ibi tí wọ́n ń to àdírẹ́sì ìkànnì sí), 301 ni, ìyẹn ni pé pátápátá ni. Ẹni tó ti ọ̀hún wá ò lè mọ̀.

Èkejì, ẹ sọ ohun tí 301 ń dá sílẹ̀. Èyí ló ká mi lára jù.

Kí Django 1.9 tó jáde lọ́dún 2015, 301 ni RedirectView, irinṣẹ́ míì tí Django fi ń darí èèyàn, ń fi ránṣẹ́ bí o ò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, à ń bójú tó ìkànnì táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní ká tì í pa títí di ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìlà kan darí `/register/` sí `/closed/`. Ọjọ́ Ajé pé, ó yọ ọ́ kúrò. Ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà tiwa. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ti yẹ̀ ẹ́ wò lópin ọ̀sẹ̀, "A ti tì í pa" ni wọ́n ṣì ń rí lórí fóònù wọn. Nínú log wa, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ wa, `/closed/` nìkan ni fóònù wọn ń béèrè. Tí o bá sọ fún oníbàárà pé o ti kó ṣọ́ọ̀bù lọ pátápátá, ṣé á tún padà wá wo ibi àtijọ́? Àwọn tó tètè wá gan-an nìyà jẹ.

Àdírẹ́sì tuntun la ṣí, `/apply/`, a wá fi 302 darí `/closed/` síbẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀nà là.

Ọ̀gá ní ọmọ náà ò mọṣẹ́, wọ́n lé e lọ. Ó ń dùn mí dòní. Ọmọ yìí ka ìwé àlàyé! Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà kóòdù nìkan ni `permanent`, ibi téèyàn ti ń yan 301 tàbí 302, ń yí padà. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò ran ẹni tó ń kà á lọ́wọ́ rárá. Ta ló máa ti inú ìyẹn mọ̀ pé browser lè má gbàgbé?

Nítorí náà, mi ò ní buwọ́ lu àlàyé kankan tí kò bá sọ pé browser máa ń fi 301 pamọ́, tí kò sì sọ pé kéèyàn fi 302 dán an wò ná. Ẹ̀kẹta, ẹ fi `preserve_request` tó dé pẹ̀lú Django 5.2 kún un: òun ló ń mú 307 wá dípò 302, àti 308 dípò 301, kí fọ́ọ̀mù téèyàn fi POST (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi nǹkan ránṣẹ́) ránṣẹ́ má bàa di GET (ọ̀nà tí wọ́n kàn fi ń béèrè ojú ìwé) lójú ọ̀nà, kí ohun tó kọ síbẹ̀ má sọnù. Kẹ́ ẹ sì fi `curl -I` hàn àwọn tó ń kà á, àṣẹ kan tó ń fi èsì tí ìkànnì fọ̀ hàn láìṣí i nínú browser, kí wọ́n fojú ara wọn rí nọ́ńbà náà àti `Location`, ìyẹn àdírẹ́sì tó ń darí èèyàn sí, kí wọ́n tó gbé e jáde.