Màámi fún ìyàwó wa lóríkì

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, Cooper lorúkọ bàbá wọn. Wọ́n wá kí wa ní Mọ́kọ́lá, màámi kàn bi wọ́n pé kí loríkì ilé yín, wọ́n ń wojú mi, la bá ṣí fóònù níbi tá a ti ń jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì ti yí mi lọ́wọ́ o, àṣé àwọn tó ń kan àgbá onípákó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní Cooper, bí Àyàn ṣe jẹ́ tonílù. A tiẹ̀ rí Humility Cooper, ọmọ kékeré tó wọ Mayflower, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ní 1620, inú wọn ti ń dùn, àfi bá a ṣe rí i pé wọ́n dá a padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló kú sí. Màámi ò tiẹ̀ gbọ́ ìyẹn: "Ọmọ akàngbá, jẹun jàre."