Patagonia: Torí Yìnyín Ni Mo Ṣe Lọ, Ẹranko Ló Dá Mi Dúró

Ìsàlẹ̀ pátápátá nílẹ̀ Ajẹntínà àti Ṣílè ni Patagonia wà. Perito Moreno, yìnyín ńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ni mo kọ́kọ́ lọ wò, nǹkan bíi kìlómítà 80 sí ìlú El Calafate, nínú ọgbà Los Glaciares tí Ajẹntínà ti ń dáàbò bò láti ọdún 1937. Iwájú yìnyín yìí fẹ̀ tó kìlómítà 5. Níbi tó bá ti sán, àwọ̀ aró ló ń yọ nínú rẹ̀. Òjò dídì tó ń gun orí ara wọn lọ́dọọdún ló ti fún afẹ́fẹ́ inú wọn jáde; yìnyín tó bá sì ki tó bẹ́ẹ̀ á gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, búlúù ni yóò kù fún ojú.

Ariwo rẹ̀ ni mi ò retí. Á kàn dún gbàù bí ìbọn ṣakabùlà. Kí ìró náà tó dé etí rẹ, èyí tó já ti wọmi, ìgbì nìkan lo máa bá. Ẹni tó bá ń fetí ṣọ́ ọ kò ní rí nǹkan kan. Ojú ni kó gbé lé e, kó má gbé e kúrò.

Nígbà mìíràn yìnyín náà á ti ara rẹ̀ síwájú títí yóò fi kan ilẹ̀ tó kọjú sí i, yóò sì dínà mọ́ apá adágún tí wọ́n ń pè ní Brazo Rico. Omi á máa ga lẹ́yìn rẹ̀, yóò gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀, nígbà tó bá yá afárá tó kù lókè á wó. Ó wó ní 2004. Ti 2018, òru ló wó, ọgbà ti wà ní títì. Ẹ wo ìyà tó jẹ àwọn tó ti ń dúró dè é!

Mo sọdá sí Ṣílè, sí ọgbà Torres del Paine tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Ìrìn ibodè gùn, kò sì ládùn, ẹ jẹ́ n fò ó.

Guanaco kan dúró lẹ́bàá títì, ó ń jẹko. Ìbátan ràkúnmí ni, àmọ́ kò ní iké. Ètè òkè rẹ̀ là sí méjì, ó sì ń fi wọ́n ṣa ewé kéékèèké láàárín ẹ̀gún, wọ́ọ́rọ́wọ́. A dúró, ó gbójú sókè wò wá, ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ẹranko yìí kì í fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oko àgùntàn ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí: guanaco ń bá àgùntàn du koríko, púmà, ẹranko apẹranjẹ tó dà bí ológbò ńlá, ń pa àgùntàn jẹ, ìbọn ni wọ́n fi ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ìgbà tí wọ́n kó àgùntàn kúrò nínú ọgbà ni guanaco tó pọ̀ padà, púmà sì tẹ̀lé oúnjẹ rẹ̀.

Òfin ọgbà le, pàápàá lórí iná. Ní 2005, sítóófù àlejò kan ló mú kí ó ju hẹ́kítà 15,000 lọ jóná. Iná mìíràn tún ṣọṣẹ́ níparí 2011. Pẹ̀lú irú atẹ́gùn tó ń gbá mi kiri níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún mi pé òfin náà ti pọ̀ jù.

Mo rí púmà níkẹyìn, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta láìkánjú. Lára àwọn tó ń mú àlejò lọ wò ó lónìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé pípa á ni iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀; leonero ni wọ́n ń pè wọ́n. Àmọ́ púmà kò mọ ibi tí ààlà ọgbà dé. Lẹ́yìn wáyà, àwọn olóko ṣì ń pàdánù àgùntàn, òfin sì ní wọn kò gbọdọ̀ pa á. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tí inú bá ń bí wọn. Owó tí àwa àlejò ń san láti wo púmà, ọwọ́ mìíràn ló ń bọ́ sí.