Ohùn Ìyá Oníẹ̀lùbọ́ Nínú Ìtàn Mi

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń tún ojú ìwé kan ṣoṣo kọ, nítorí pé ìyá àgbà tí mo fi sínú ìtàn mi, tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba, kò tíì sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ àgbà wa níbí ni kì í pe "ṣ". "Isu" ni wọ́n ń pe iṣu. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jálẹ̀, òǹkàwé tí kì í ṣe ará ibí lè rò pé àṣìkọ ni. Bí mo bá sì tún un ṣe, ìyá náà á di olùkọ́ lójijì, èyí tí ó dùn mí púpọ̀.

Lánàá, mo lọ jókòó ti oníẹ̀lùbọ́ kan lọ́jà náà. Oníbàárà kan ní kí ó fi èènì sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí kóńgò, ó ní, "Ọmọ mi, sé o fẹ́ kí n jẹ gbèsè ni?" "Sé" kan péré, mo sì gbọ́ Ìbàdàn yékéyéké! Nítorí náà, ibi tí inú bá ti ń bí ìyá inú ìtàn mi nìkan ni n ó ti jẹ́ kí "s" yẹn jáde.