Ọwọ́ Wo Ló Ń Di Táyà Iwájú Mú?

Ẹ jọ̀ọ́, tí kẹ̀kẹ́ yín bá wà nítòsí, ẹ dìde lọ bá a ná. Ẹ gbé iwájú ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fọwọ́ yí táyà, kí ẹ wá tẹ búrẹ́kì ọwọ́ òsì. Ṣé táyà iwájú yẹn dúró àbí ó ṣì ń yí? Èmi ò mọ tèmi, ohun tó sì gbé mi ṣubú nìyẹn.

Raleigh bàbá mi ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, èyí tó fi ń lọ oko kòkó, tí búrẹ́kì ẹ̀ ò lo wáyà rárá, irin gbọọrọ ló ń fà á. Bàbá mi tẹnu mọ́ ọn fún mi títí pé òsì ni ti ẹ̀yìn, òsì ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀ tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá mo wá ra tòkunbọ̀ kan n'Íbàdàn, Jámánì ló ti wá, mo wo férémù, mo wo jíà, mo tẹ búrẹ́kì méjèèjì wò pé wọ́n ń mú, mo sanwó.

Ní ọjọ́ kẹta, mò ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá, ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé píọ̀ wọ́tà lérí sáré já sí títì, mo bá fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ òsì pé ẹ̀yìn ni mò ń dì. Àfi gìrì tí táyà iwájú dúró, ìdí kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀, mo gba orí áńdù fò lọ. Akoto tí mo dé là, ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ yẹn náà ló sáré padà wá, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà", ó fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ó dà á sí mi lọ́gbẹ̀ẹ́, kò sì gbowó.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ò tíì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tó fi bi mí pé, "Ọwọ́ wo lo tẹ̀?" Mo ní òsì ni sà. Ó ní, "Ọmọ mi, ti gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ló ń mú iwájú. Ti Jámánì, ti Amẹ́ríkà, òsì ni." Gbogbo ẹ̀ ló sì ń dé síbí pọ̀ nínú kọ̀nténà! Ó tú wáyà méjèèjì, ó gbé wọn fún ara wọn, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ sá fún ti iwájú o, òun gan-an ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, torí tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ búrẹ́kì, iwájú ni gbogbo ìwúwo máa ń lọ. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sún ìdí sẹ́yìn lórí síìtì. Tójò bá rọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, torí rọ́bà búrẹ́kì kì í tètè mú irin tútù.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá rí ṣéènì mi, ó mi orí. Ẹ́ńjìn ọ́ìlì ni mo ń dà sí i, ó sì nípọn, gbogbo iyanrìn títì ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, iyanrìn yẹn ló wá ń jẹ eyín irin. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló fi fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó wá kán òróró maṣíìnì ìránṣọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré, ó tún nu ìta ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣe é báyìí. Rúlà náà máa ń sọ bóyá ṣéènì ti gbó: láti píìnì ṣéènì kan, ẹ ka 24 sí i, ínǹṣì 12 géérégé ló yẹ kó jẹ́, tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì lé, ẹ ra òmíì.

Lọ́dọ̀ fọganáísà, ẹ dúró tì í, pọ́ǹpù tó ń fẹ́ táyà tírélà lè bẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra ẹ̀.

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ní ó ti wá. Sátidé la máa gbé e lọ bá Bàbá, mo sì ti sọ fún un kó má gùn ún wá o, kó fọwọ́ tì í.