Hamburg àti Iléṣà: ìlú etí odò àti ìlú oko kòkó

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wálé ní Iléṣà làwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ìlú tí mò ń gbé yẹn ṣe rí gan-an, tí n bá sì ti ní ìlú èbúté ni, Àpápá ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, kòǹténà, tírélà tó tò bẹẹrẹ, súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Hamburg ni mò ń gbé, lápá àríwá Jámánì, èbúté ẹ̀ ló tóbi jù lórílẹ̀-èdè yẹn, ṣùgbọ́n kò sí létí òkun rárá o, odò Elbe ló tẹ̀dó sí, ó sì tó nǹkan bí 110 kìlómítà kéèyàn tó kan òkun. Inú odò yẹn làwọn ọkọ̀ tó gùn tó 400 mítà ń gbà wọ ìlú. Èèyàn á jókòó sórí iyanrìn ní Övelgönne, á máa jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ja ẹ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ tó ga ju ilé alájà lọ á wá máa kọjá níwájú ẹ̀ láìpariwo.

Mo fẹ́ràn omi yẹn gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń ti omi ẹ̀ wọlé tí á tún fà á padà, àárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà lè ju mítà 3 lọ, tó fi jẹ́ pé afárá tẹ́ ẹ gbà wọ ọkọ̀ láàárọ̀ tó tẹ́jú, tó bá di ọ̀sán ẹ máa bá a tó ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Omi náà ò ṣe é fojú di o. Ní oṣù Kejì 1962 ó ya wọ ìlú lóru, èèyàn 315 ló bá a lọ ní Hamburg nìkan, ìdí nìyẹn tí ògiri àti òkìtì ìdènà omi fi pọ̀ níbẹ̀ títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ kí ará ilé mọ̀ jù ni bí ìrìn ṣe rọrùn níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n ń pè ní 62, láti Landungsbrücken ló ti ń gbéra lọ sí Finkenwerder ní òdìkejì odò, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó wà lápò yín náà lẹ máa fi wọ̀ ọ́, kò sówó mìíràn. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò wà nínú ẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn jọ ń wo ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Tó bá sì jẹ́ abẹ́ odò lẹ fẹ́ gbà, ihò kan wà tí wọ́n ṣí ní 1911, ó gùn ní mítà 426, ó jìn tó mítà 24 sísàlẹ̀, lífítì ló máa gbé yín lọ sísàlẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé òdìkejì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sáré nínú ẹ̀ o, ẹ wo ògiri, àwọn tó kọ́ ọ fi amọ̀ ṣe ẹja sára ẹ̀, akàn wà níbẹ̀, àní wọ́n ṣe eku àti bàtà tó ti gbó síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ni wọ́n kọ́ ọ fún kí wọ́n lè máa ríbi gbà délé iṣẹ́, wọ́n sì tún ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn. Ìyẹn máa ń wú mi lórí.

Ká wá wo tiwa. Olúmirin wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń ti orí òkè já wálẹ̀ ní ipele méje, kò sì jìnnà sí Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ dàgbà ò tíì fojú rí i. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa dé gáréèjì, mọ́tò ò ní gbéra àfi tó bá kún, tí ẹ bá já lẹ́nu títì ẹ máa wá ọ̀kadà, ẹ máa náwó ẹ̀ títí, ẹ sì tún máa ronú bí ẹ ṣe máa padà kílẹ̀ tó ṣú. Igbó Ọ̀ṣun náà ń bẹ ní Òṣogbo, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, ọdún mẹ́wàá gbáko kí wọ́n tó kọ Speicherstadt ti Hamburg, ibi àwọn ilé ìkẹ́rùsí aláwọ̀ pupa tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi nínú omi. A ṣáájú wọn níbi ìyẹn! Àmọ́ ẹni tó ń gbé Hamburg á jáde nílé lọ́jọ́ ìsinmi ẹ̀, á wọ tírénì lọ sí Lübeck lọ wo ìlú àtijọ́, á dé lálẹ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Láti 2023 ni wọ́n ti ní tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù kan, Deutschlandticket, òun nìkan lẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì àti tírénì agbègbè káàkiri Jámánì, wọ́n ti fowó kún un o, àmọ́ ó ṣì ń gbè wá.

Ti pé iná ò kì í lọ, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ púpọ̀, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Ojú ọjọ́ ló yẹ kí n sọ: ní oṣù Kejìlá, tó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, nígbà tó sì jẹ́ pé ní oṣù Kẹfà ẹ ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni ọdún Ìwúdè wa, tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń dárí wálé, tí ojú pópó ń gbóná láti ààfin Ọwá dé Ẹrẹ́jà, èmi á wà níbi iṣẹ́, òtútù á máa fẹ́ láti ojú odò, mi ò ní rẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kú ọdún. Ó máa ń ká mi lára gan-an.

Ọjà ńkọ́? Ní Jámánì, tó bá ti di ọjọ́ Sọ́ńdè gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì, àfi ìwọ̀nba. Ní Hamburg, ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ni ọjà ẹja wọn, Fischmarkt, ó ti wà láti 1703, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn agogo márùn-ún ìdájí ló ń bẹ̀rẹ̀ tí á sì tú ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àárín ọ̀sẹ̀, èèyàn á wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, á gbé ohun tó fẹ́, á san iye tí wọ́n kọ sí i, á jáde, ó lè má la ẹnu sọ̀rọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní Fischmarkt, àh, Òyìnbó ń pariwo ọjà! Ọkùnrin eléso kan gorí mọ́tò ẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dání, ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó ju ápù sí i, ó ju ọ̀pẹ òyìnbó sí i, ó ń kígbe iye owó, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, ó tún fi èso àjàrà kún un, ó tún kígbe, ìgbà tó di pé apẹ̀rẹ̀ ò gbà mọ́ lobìnrin kan nawọ́ sókè. Èènì nìyẹn! Èmi tí mo jẹ́ ọmọ òṣómàáló, tí màámi ta aṣọ ní ọjà Atakúnmọ́sà, mo dúró síbẹ̀ títí ọjà fi tú. Ohun tí mi ò rí níbẹ̀ ni oníbàárà, ẹni tó mọ orúkọ àwọn ọmọ yín tó sì máa béèrè wọn kó tó wọn nǹkan fún yín. Ìyẹn, Iléṣà ló ni ín.

Mo wá fẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hamburg, lápá gúúsù odò Elbe, agbègbè kan wà tí wọ́n ń pè ní Altes Land, ilẹ̀ àwọn eléso, igi ápù àti ṣẹ́rì lọ bẹẹrẹ kò lópin. Nígbà tí wọ́n bá yọ òdòdó, láàárín oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ará ìlú á kó ara wọn jọ, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Tí òtútù bá fẹ́ pa òdòdó yẹn lóru, ṣe làwọn àgbẹ̀ máa ń fún omi sórí igi láti òru mọ́jú, omi á dì bíi yìnyín sára òdòdó, dídì tó ń dì yẹn ló ń dáàbò bò ó, láàárọ̀ gbogbo oko á máa dán nínú oòrùn. Àgbẹ̀ yẹn á tún ṣí àgbàlá ẹ̀ fáwọn èèyàn, á ta kéèkì ápù, á ta omi ápù, á jẹ́ kí ọmọ yín já ápù fúnra ẹ̀. Ẹlòmíì á kó ápù sẹ́nu ọ̀nà, á gbé àpótí owó tì í, á lọ sí oko ẹ̀, ohun tí àwọn bàbá ńlá wa náà ń ṣe láyé àtijọ́, tí wọ́n á gbé ọjà sẹ́bàá ọ̀nà oko, tí wọ́n á fi òkúta kéékèèké ṣe àmì iye tí wọ́n ń tà á.

Oko kòkó ni bàbá mi ní, lọ́nà Ìwàrà. Mo mọ bí a ṣe ń fọ́ kòkó, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún títí á fi gbóná tí omi ẹ̀ á sì ro dànù, ẹ̀yìn ìyẹn la ó sá a, a ó máa fẹsẹ̀ yí i kó má baà bu. Òórùn yẹn, bíi ọtí bíi ọtí, kì í kúrò lára aṣọ. Tó bá gbẹ, oníkòkó á wá, á wọ̀n ọ́n, á dá iye tó fẹ́ san, ó parí. Láti 1888 ni Speicherstadt ti wà, kòkó pẹ̀lú kọfí àti tíì wà lára ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀, èbúté Hamburg sì wà lára àwọn ibi tí kòkó ń gúnlẹ̀ sí ní Yúróòpù títí dòní. Ilé kan wà ní Hamburg, Chocoversum, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé kí wọ́n lè fọwọ́ kan kòkó kí wọ́n sì ṣe ṣọ́kólẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ọmọkùnrin kan dúró tì mí, ó fi èékánná bó èèpo hóró kòkó kan, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fi han ìyá ẹ̀ tìdùnnútìdùnnú. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí wọra, torí bàbá mi fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe kòkó, kò tọ́ ṣọ́kólẹ́ẹ̀tì tó ti oko ẹ̀ wá wò kó tó kú.

Ohun tí mo ń bá àbúrò mi sọ nìyẹn, òun ló ń mójú tó oko báyìí. Ìgbà Ìwúdè, kòkó ṣì ń pọ́n lórí igi, ìlú sì kún fún àwọn tó ti Èkó àti òkè òkun dé, àwọn ọmọ wọn ò mọ igi kòkó. A máa há kòrópe méjì, Ẹrẹ́jà la ti máa gbéra láàárọ̀, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ máa wà nínú iye kan ṣoṣo tí wọ́n máa san, kò ní sí ọ̀rọ̀ ìnáwó lọ́nà. Wọ́n máa fọ́ kòkó, wọ́n máa lá omi funfun ara ẹ̀, èyí tó ti gbẹ a máa yan án nínú agbada, a máa lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n máa jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Àbúrò mi ti gbà, ó ní kí n kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ ká fi tún ọ̀nà tó wọ oko ṣe, torí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá làwọn èèyàn ti ń dé.