Máàkì 38

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọdún kẹta mi ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rèé, ṣùgbọ́n Ìsánlú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi, ní Kérésì tó kọjá. N ò tíì tú ẹrù mi tán tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS3 fi wá jókòó tì mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, owó WAEC mi ò tíì pé." Mo ní ṣé bàbá rẹ̀ ò tíì rí owó ìforúkọsílẹ̀ ni. Ó wolẹ̀. Ó ní ìyẹn ti wà ńlẹ̀, owó "sẹ́ńtà" ló kù. Ilé ìwé kan wà tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn, ibẹ̀ ni gbogbo kíláàsì wọn ń lọ.

N ò pariwo mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń gbé ọmọ lọ.

Ní tẹ́mù àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní ká kọ àròkọ tó tó 2,000 ọ̀rọ̀. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é nílé: mo ṣí ìwé, mo kó ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ, mo pa á dà díẹ̀díẹ̀, mo fi ránṣẹ́. 38 ló bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, 50 ni ọmọ másítà gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Olùkọ́ mi pè mí, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ tá a dà kọ látinú ìwé ẹlòmíì, ti fọ́n àwọ̀ sí gbogbo iṣẹ́ mi, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, ìwé kọ̀ọ̀kan tí mo ti ṣà á pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nínú ìpínrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì péré ni kò ní àwọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni èrò tìrẹ?" Ẹnu mi wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Irọ́ ni. Ìyé mi, bí àwa Yàgbà ṣe ń pe ìyá, kò mọ̀wé kà. Nígbà kajú, tá a bá jọ ń já kóró kúrò lára èso rẹ̀, tí omi rẹ̀ ń ta sí wa láṣọ, á ní kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo bá ka ìwé mi bí orin. Á ní, "Ti tíṣà nìyẹn. Tìrẹ dà?" Owó kajú yẹn ló fi san owó ìdánwò mi.

Láti 1951 ni ilé ìwé girama Titcombe College ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Yàgbà wa, àwọn òbí wa ò sì yéé ta oko sí ìwé. Inú ń bí mi sí àgbà tó ń gba owó láti kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ó ń bí mi sí òbí tó ń san án náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ló máa dá jókòó lọ́jọ́ kan níwájú ẹni tó ń bi í ní èrò rẹ̀, pátákó kankan ò ní sí níbẹ̀.

Mo tún àròkọ mi kọ. Wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi fi ṣiṣẹ́ ní àkókò tẹ́mù, mo dín tèmi kù sí 12, ebi sì pa mí díẹ̀. Mo gba 61.

N ò san owó sẹ́ńtà. Mo ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún un, mo sì ní kó máa fi ìṣirò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé. Ó bínú sí mi di oṣù kejì.

Sátidé tó kọjá, ó ya fọ́tò ìṣirò kan ránṣẹ́. Ó ti fa igi lé ìlà márùn-ún, ó tún un ṣe nísàlẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ò sì tọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e wálẹ̀ títí mo fi dé ìlà tó ti ṣìnà, níbi tó ti gbàgbé àmì ìyọkúrò. Mo pè é lójú ẹsẹ̀.