Àyẹ̀wò ọdún 2025: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bùọ̀dá

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ ti mọ ohun tó gba ọdún yìí mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ. Bùọ̀dá lọ sọ́run, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà ní Amẹ́ríkà níbí kò bá a lọ. Àǹtí ní kí n wá rà á, owó tí wọ́n dá lé e kò sì wọ́n. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń bi mí pé ìgbà wo ni màá di ọ̀gá ara mi, kí n máa fi ọkọ̀ tèmi kẹ́rù. Àwọn oṣù tó kù? Mo wakọ̀, mo jẹun, mo sùn, mo dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí ojú àánú kì í ra dísẹ̀lì. Ká ní ọkọ̀ rin 2,500 máìlì lọ́sẹ̀. Wọn ò ní sanwó gbogbo ẹ̀ o. Ẹni tó bá já ẹrù sí Florida mọ bí wọ́n ṣe ń rin òfìfo jáde níbẹ̀. Yọ 15 nínú 100, ó ku 2,125. Ní $2 máìlì kan, $4,250 nìyẹn, ẹnu á kọ́kọ́ ya èèyàn. Ọkọ̀ tó ń fi gálọ̀nù kan rin 6.5 máìlì á mu bíi 385 gálọ̀nù; tí gálọ̀nù bá jẹ́ $3.70, $1,423 ti lọ. Inṣọ́ránsì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ tirẹ̀ láti máa kẹ́rù, ká fi sí $1,500 lóṣù, ìyẹn bíi $350 lọ́sẹ̀. Owó àtúnṣe, sẹ́ńtì 20 lórí máìlì kan, $500. Tí o kò bá lè dúró ọgbọ̀n ọjọ́ kí bróókà, alágbàtà tó ń fún wa lẹ́rù, tó sanwó, o máa ta ìwé owó rẹ fún àwọn tó ń sanwó ṣáájú. Tí wọ́n bá yọ 3 nínú 100, $128 nìyẹn. Ó ku bíi $1,850. Gbèsè ọkọ̀, tó bá jẹ́ $2,000 lóṣù, bíi $460 lọ́sẹ̀. Ó ku $1,390.

Awakọ̀ kọ́ḿpìnì tó ń gba sẹ́ńtì 60 á gba $1,500 lórí máìlì kan náà. Kọ́ḿpìnì ló ń ra táyà, òun ló sì ń san ìdajì owó-orí Social Security àti Medicare. Ọ̀gá ara ẹ̀ á dá gbogbo 15.3 nínú 100 san. Ọ̀gá dà?

Ibi tí ìrètí wà ni pé mo lè ra ọkọ̀ yìí láìjẹ gbèsè. $460 yẹn á dúró sápò, tí íńjìnnì bá gbà. Ó ti lé ní 700,000 máìlì. Ẹ jẹ́ kí íńjìnnì gbóná dáadáa, kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ dojú ẹ̀ dé ihò náà láì yí i le. Tí ìdérí náà bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò burú. Tí atẹ́gùn bá gbé e jù sílẹ̀ pẹ̀lú èéfín, ó ṣeé ṣe kí ríìngì pístìnì inú íńjìnnì ti jẹ, àtúnṣe yẹn sì lè kọjá $20,000. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ọ́ìlì gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Tí sodium àti potassium bá pọ̀ nínú èsì, ẹ fura pé omi tó ń mú íńjìnnì tutù ń jò wọ ọ́ìlì. EGR cooler, ìyẹn ohun tó ń mú èéfín tó ń padà sínú íńjìnnì tutù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

DPF, asẹ́ tó ń gba èédú inú èéfín dísẹ̀lì, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bùọ̀dá kì í pa íńjìnnì lóru, òun àti òtútù kì í ṣọ̀rẹ́. Íńjìnnì tó ń dúró ṣiṣẹ́ mọ́jú kì í gbóná tó láti jó èédú tó wà nínú asẹ́ náà, ló fi ń tètè dí. Ìrọ̀rí Bùọ̀dá ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó, ó ṣì ń rùn Robb. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí DPF. Ó ṣeé tú, ó ṣeé fi iná yan, ó ṣeé fi atẹ́gùn fọ̀, ó sì ṣeé dá padà síbi tó wà.

Ti ìwé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. $300 ni FMCSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ akẹ́rù, ń gbà fún àṣẹ, owó-orí ọkọ̀ wúwo jẹ́ $550 lọ́dún, ọ̀pọ̀ bróókà sì ń béèrè inṣọ́ránsì $1,000,000 bó tiẹ̀ jẹ́ pé $750,000 ni òfin sọ fún ẹrù lásán. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún lè dá ìwọ awakọ̀ dúró lójú ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ kò bá tó. Tèmi tó, àyàfi tí ọlọ́pàá ò bá gbọ́ ti Ìjẹ̀bú.

Ẹ má tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kí kọ́ḿpìnì yá mi lọ́kọ̀ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lórí ẹ̀ sọ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí wọ́n fòfin dè é.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, tí ọ́ìlì bá yege, màá ra ọkọ̀, màá fi $20,000 sílẹ̀ fún àtúnṣe, màá sì kọ́kọ́ wọ abẹ́ àṣẹ kọ́ḿpìnì kékeré kan fún ọdún kan. Inṣọ́ránsì wọn ni mà á lò, wọ́n á sì yọ tiwọn nínú owó ẹrù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé o, pé owó ìdógò tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n á dá a padà láàárín ọjọ́ 45 tí a bá pínyà. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Houston, tí ẹ bá mọ irú wọn, ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tó ń fipá mú èèyàn ra táyà lọ́wọ́ wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.